Bàbá Mélòó àti Ọ̀ràn Ọṣẹ

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà mi, ọkùnrin kan tí òun àti wọn jọ ṣiṣẹ́ ìjọba rí dìde nínú pálọ̀ wa ní Ọgbà láti sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní nínú gbogbo àwọn tó ń bá ìjọba ka èèyàn, òun kò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà tó Bàbá. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àfi ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn ṣá. Ogbó ló fà á." Àwọn tó mọ ìtàn náà mi orí, wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àwo ìrẹsì lọ́wọ́, n kò sọ nǹkan kan. Ìgbà kejì nìyẹn tí mo dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá ló ṣe àṣìṣe yẹn. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti ilé ìwé tí wọ́n lọ, ó wà nínú ìwé pélébé tí a pín ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Mélòó ni àdúgbò ń pè wọ́n. Èèyàn kúkúrú ni wọ́n, wọ́n tín-ín-rín, ọmọ Èkìtì tó ti pẹ́ l'Ékòó débi pé ìgbà tí inú bá ń bí wọn nìkan ni èdè ilé máa ń yọ: ilé á di ulé, iṣẹ́ á di uṣẹ́. Báírò méjì kì í kúrò lápò àwọ̀tẹ́lẹ̀ wọn, búlúù kan, pupa kan. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí n tó wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n kíkà kò fi wọ́n sílẹ̀. Tí o bá sọ pé èrò pọ̀ lọ́jà, wọ́n á ní, "Mélòó?" Tí Màmá, ìyàwó wọn, bá ráhùn pé ẹ̀fọn kò jẹ́ kí òun sùn, wọ́n á ní, "Mélòó ni wọ́n?"

Tí o bá wá bi àwọn náà ní iye nǹkan, wọn kì í dárúkọ ẹyọ iye kan. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá dárúkọ ẹyọ kan ń ṣe bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀. Ní Kérésì kan, Màmá béèrè iye àlejò tó ń bọ̀ nílé wa.

"Kò ní dín ní méje, kò ní ju mọ́kànlá lọ."

"Ṣé ti méje ni kí n wá sè ni, àbí ti mọ́kànlá?"

"Se ti mẹ́sàn-án, kó o fi gàrí sí tòsí."

Wọn kì í ka èèyàn lójú ara rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, wọ́n wọ agbo ilé kan l'Ágége, wọ́n nàka sí àwọn ọmọ obìnrin kan níwájú ìyá wọn: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n mọ̀ láti ilé pé abiyamọ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ka ọmọ òun, ṣùgbọ́n wọ́n rò pé fọ́ọ̀mù ìjọba ti yọ àwọn kúrò nínú ìyẹn. Obìnrin náà da omi ìfọṣọ sórí fọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n lọ ka ọmọ ìyá tiwọn. Láti ọjọ́ náà, nǹkan èèyàn ni wọ́n ń kà: abọ́, korobá, táwẹ́lì tí wọ́n sá sórí okùn, sálúbàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ìyẹn kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́.

"Èèyàn lè bínú tí mo bá kà á," ni wọ́n wí. "Bàtà kì í bínú."

Bàtà yìí náà ló dá ìjà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ Àládùúrà ni tiwa, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọlé, nítorí náà ìta ni gbogbo bàtà ìjọ máa ń wà. Nígbà ìkórè kan, akọ̀wé ìjọ dìde, ó kéde iye olùjọsìn, gbogbo èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Kò mọ̀ pé Bàbá ti jáde lọ ka bàtà nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, àti pé bàtà náà kò ju ìlàjì ohun tí òun sọ lọ. Fún bí oṣù mẹ́ta, akọ̀wé kò kí Bàbá. Màmá bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n lọ tọrọ àforíjì, wọ́n ní ìbéèrè lásán ni àwọn béèrè, àwọn kò bú ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni pé ìbéèrè ni. Wọ́n kàn dìde nínú sùtánà funfun wọn, níwájú wòlíì àti gbogbo àlejò, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, àbí ẹsẹ̀ lẹ kà?"

Nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fi rọ́bà pa ìṣirò kan tí mo ṣì rẹ́. Wọ́n gba rọ́bà náà, wọ́n jù ú sápò, n kò rí i mọ́ títí dòní. Wọ́n ní kí n fa ìlà kan ṣoṣo la àárín èyí tí kò tọ̀nà, kó ṣì ṣeé kà, kí n kọ èyí tó tọ̀nà sókè rẹ̀, kí n wá kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́. Báyìí ni gbogbo ìwé mi ṣe kún fún ìlà àti Àríkẹ́, Àríkẹ́, Àríkẹ́. Tíṣà mi ránṣẹ́ sílé pé ìwé ọmọ yìí dọ̀tí. Bàbá wọ aṣọ, wọ́n lọ bá tíṣà náà fúnra wọn. N kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n jọ sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n ń jáde: "Ẹni tó ṣì í ni kó fọwọ́ sí i."

Wọ́n ti darúgbó nígbà tí ọ́fíìsì ìwádìí kan ní Opebi wá wọn wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí Bàbá bá wọn fojú díwọ̀n iye àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú láti Ìkẹjà dé Agége, níbi tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí. Àwọn àjèjì yìí wá láti Tógò, láti Bẹ̀nẹ̀, láti ẹ̀yìn Sókótó lọ́hùn-ún. Àwọn ló ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì, àwọn ló ń bó awọ màlúù ní Oko Ọba, àwọn ló ń ru ẹrù níléeṣẹ́ oníke. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé wọ́n wà, kò sẹ́ni tó mọ iye wọn. Ọlọ́kadà á ní wọ́n ti gba ìlú tán. Oníléeṣẹ́ á ní òun kò ní ẹyọ kan. Ẹni tí kò níwèé kò sì ní dìde kó sọ pé òun kò níwèé, pàápàá fún àlejò tó mú báírò lọ́wọ́. O kò lè fi èdè mọ̀ wọ́n pẹ̀lú, torí ẹni tó wá láti Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń sọ Yorùbá tó já gaara ju ti Bàbá lọ lọ́jọ́ tí inú bá ń bí wọn.

Mo bi Bàbá bóyá àwọn gan-an rò pé ó yẹ kí ìjọba lé àwọn àjèjì náà lọ. Wọ́n wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí kò kàn án.

"Iṣẹ́ mi kì í ṣe láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí wọ́n wà níbí. Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ pé wọ́n wà."

Ẹ̀wà ni wọ́n fi kọ́ mi ní ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n da ẹ̀wà funfun sínú abọ́ ńlá kan, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kà á. Wọ́n ní kí n bu àádọ́ta nínú rẹ̀, kí n fi báírò búlúù sàmì sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára, kí n dà wọ́n padà, kí n pò ó dáadáa. Wọ́n tún ní kí n bu àádọ́ta mìíràn láìwò. Márùn-ún péré ló ní báírò lára nínú ìyẹn. "Ó túmọ̀ sí pé nínú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹyọ kan la ti pàdé rí," ni wọ́n wí. "Àádọ́ta la kọ́kọ́ pàdé. Nítorí náà, gbogbo rẹ̀ á tó bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta." Bí àwọn tí a ti pàdé rí bá ṣe kéré tó lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn á ṣe pọ̀ tó. Inú mi dùn sí i gan-an. Inú Màmá kò dùn, torí ẹ̀wà tó fẹ́ sè ni, ó sì di dandan kí èmi àti Bàbá jókòó ṣa gbogbo oníbáírò kúrò. Ẹnu ìyẹn ni a wà tí wọ́n fi sọ ohun tí n kò fiyè sí tó: "Gbogbo ẹ̀ dúró lórí pé ẹ̀wà kì í purọ́."

Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè rìn káàkiri mọ́, nítorí náà èmi ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó máa lọ láti ilé dé ilé. Ọ́fíìsì náà ti ṣèlérí pé tí iṣẹ́ yìí bá yọrí sí rere, àwọn á gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Àṣẹ tí Bàbá pa rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí a béèrè ìbéèrè mẹ́ta, kí a má béèrè orúkọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí a padà lọ sáàárín wọn, nílé àti níbi iṣẹ́, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn kan ti wá bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. "Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan," ni wọ́n wí, wọ́n sì tún un sọ.

Ọjọ́ kìíní, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì mọ́ wa lójú. Ní yàrá kan, mo gbọ́ tí èèyàn ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò dá wa lóhùn. Mo rò ó wò, mo ní ẹni tó ń sá fún ìwé kò ní sá fún ọṣẹ. Mo lọ ra páálí ọṣẹ ìfọṣọ, a bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá dá wa lóhùn ní ẹyọ kan. Ilẹ̀kùn ṣí! Wọ́n ń fún wa ní àga jókòó. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni tó bá ní wọ́n kò tíì wá bá òun rí, à ń fún un ní ọṣẹ. Ẹni tó bá ní wọ́n ti wá, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí ara mi bí ọlọ́gbọ́n, n kò sì sọ fún Bàbá.

Nígbà tí mo kó ìwé jọ fún wọn, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ní àwọn ti pàdé wa rí. Tí a bá ṣe é bí a ti ṣe ẹ̀wà, ó túmọ̀ sí pé àwọn àjèjì náà pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni rò lọ. Bàbá wo ìwé náà pẹ́.

"Àríkẹ́, ṣé ẹ béèrè bí mo ṣe ní kí ẹ béèrè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀ la béèrè lóòótọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Opebi. Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá ọ́fíìsì náà pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń dùn. Ó ní pẹ̀lú iye tí a rí yìí, àwọn aláṣẹ tó rán àwọn níṣẹ́ kò ní fi falẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á wá kó àwọn àjèjì náà padà sí ìlú wọn láàárín oṣù yẹn. Ó ní kí èmi àti Bàbá wá lọ́jọ́ Ajé tí wọ́n máa gbé iye náà jáde.

Ní Sátidé tó ṣáájú Ajé yẹn, mo bá Bàbá lọ ra búrẹ́dì l'Ágége. Ilé búrẹ́dì kan náà ni wọ́n ń lọ láti ọdún pípẹ́, torí Kọfí, ọmọ Tógò tó wà nídìí ààrò níbẹ̀, máa ń yan èyí tó gbóná jù fún wọn. Kọfí kò níwèé, Bàbá mọ̀, wọn kò sì bá a sọ ọ́ rí. Ó rí wa, ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sáré wọlé, ó mú nǹkan jáde nínú ọ̀rá.

"Bàbá, ẹ gbà, ẹ bá mi fún Màmá."

"Ọṣẹ kẹ̀? Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

"Ó pọ̀ lọ́wọ́ mi ni, sà. Àwọn kan ló ń pín in. Mo gba ọ̀kan nílé, mo gba ọ̀kan níbí, wọ́n tún padà wá sílé, mo tún gbà."

"Báwo lo ṣe rí mẹ́ta gbà?"

Kọfí rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á bi ẹ́ pé ṣé àwọn kan ti wá bá ẹ ṣáájú. Tó o bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun ni. Tó o bá ní rárá, ọṣẹ ni. Gbogbo kọ̀ǹpáùn wa ló ń sọ pé rárá. No wahala, Bàbá, ẹ gbà á."

Èmi wà lẹ́yìn Bàbá. Bàbá kò wẹ̀yìn wò. Wọ́n gba ọṣẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n béèrè àlàáfíà ìyá Kọfí ní Lómè, wọ́n sì ra búrẹ́dì bí ìṣe wọn. Ìgbà tí a wọ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n tó béèrè.

"Ṣé ìwọ lo ra ọṣẹ?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo rò pé..."

Wọ́n gbé ọṣẹ náà lé orí itan, wọ́n ń wò ó. Wọn kò pariwo, èdè Èkìtì kò sì yọ. "Ẹ̀wà kì í purọ́," ni wọ́n wí. "Àwa la kọ́ ọ ní irọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọ bùbá funfun, wọ́n fi báírò méjèèjì sápò. Ọ̀gá ọ́fíìsì ti tẹ iye náà gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́. Àwọn tó rán wọn níṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn kan tí wọ́n ti bá Bàbá ṣiṣẹ́ ìjọba rí náà wà níbẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀dà kan. Wọ́n yọ báírò pupa, wọ́n fa ìlà kan la iye náà láàárín, wọ́n sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" ni ọ̀gá béèrè.

"Iye yìí kò tọ̀nà."

"Ó tọ̀nà o, sà. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn ẹ̀ gan-an."

"Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Kò tọ̀nà ni."

Bàbá wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà fún wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìdárúkọ Kọfí. Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo gbogbo wa yíká tábìlì, ó ní, "Ta ló ní kí wọ́n pín ọṣẹ?"

Mo mọ ìdáhùn náà. Ó wà lórí ahọ́n mi. Mo ro iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí fún mi, mo wo orí tábìlì, mo dákẹ́.

"Èmi ni," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n pín in."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ gbogbo wa?"

"Ogbó ni."

Wọn kò gbé iye kankan jáde lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ kankan kò wá ní oṣù yẹn. Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí a fi dé Ọgbà. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọn kò gbà kí akọ̀wé ìjọ fi ẹyọ ẹsẹ̀ kan kún iye bàtà. Wọ́n ń wo ìta.

"Èmi ti ka tèmi tán," ni wọ́n dáhùn. "Ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n síṣẹ́ kíkà mọ́ títí wọ́n fi kú. Ìtàn náà tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó wá di ohun tí wọ́n fi ń ṣàwàdà. Èmi rí iṣẹ́ gbà ní Opebi, ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Màmá fi ọṣẹ Kọfí fọ sùtánà wọn, kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Kọfí ṣì wà nídìí ààrò, òun ló gbé búrẹ́dì wá sí ìsìnkú, ó sì sunkún ju àwọn ọmọ kan lọ. Ojú tì mí lọ́jọ́ yẹn ní Opebi, ojú tì mí nínú pálọ̀ wa, ojú ṣì ń tì mí bí mo ti ń kọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Màmá ní kí n wá palẹ̀ yàrá wọn mọ́. Mo rí ìwé tí wọ́n lò fún iṣẹ́ náà, ẹ̀yìn búlúù, etí rẹ̀ ti ká. Mo ṣí i wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo àṣìṣe tí wọ́n ṣe ló wà níbẹ̀, tí wọ́n fa ìlà la, tí wọ́n fọwọ́ sí. Ojú ìwé ọṣẹ ló kẹ́yìn. Wọ́n ti fa ìlà pupa la iye ńlá náà, wọ́n kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: A kò mọ̀. Nísàlẹ̀ ni wọ́n fi báírò búlúù kọ gbólóhùn kan sí: Èmi ni mo ní kí wọ́n pín ọṣẹ. Wọ́n fọwọ́ sí ìyẹn náà. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ wọn kọ tí mo tíì rí, òun nìkan ni irọ́.

Lọ́la, màá gbé ìwé náà lọ bá ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú, lẹ́yìn náà màá gbé e lọ sí ọ́fíìsì wa. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí mo ní láti kọ́kọ́ ṣe. Mo mú báírò pupa wọn. Mo fa ìlà kan ṣoṣo la gbólóhùn náà láàárín, kó ṣì ṣeé kà. Mo kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé: Bàbá ní kí a má fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Mo wá kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Àríkẹ́.